Ohun Tó Sú Sójú, Tí Oòrùn Ń Ru Sókè

    

Ọ̀rọ̀ ara ni mo gbé wá, ara òde yìí tí gbogbo ayé ń rí, tí kálukú sì máa ń sọ pé òun ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Obìnrin kan wà, ká máa pè é ní Ìyá Sìmí. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ tó wà láàárín wa ni mo fún lórúkọ. Ọmọ ọdún 31 ni, aṣọ ọmọdé ló ń tà lábẹ́ agboòrùn. Nǹkan sú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sì gba orí igi imú kọjá láti apá kan sí èkejì. Kò fi bẹ́ẹ̀ yún un. Kò pupa. Ó kàn dúdú ju ibi tó kù lójú rẹ̀ lọ ni, ó sì ga díẹ̀ téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tó bá pẹ́ nínú oòrùn, á gbòòrò sí i. Ó gba ilé kẹ́míìsì lọ.

“Dọ́kítà, ẹ bá mi wo ojú mi o.”

“Háà, Ìyá Sìmí, làpálàpá ni. Ẹ máa fi ìpara yìí pa á láàárọ̀ àti lálẹ́.”

Ó pa á, ó rọlẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó tún padà. Ẹnì kan ní kó lọ ra ìpara àpòpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń po ìpara. Ẹlòmíràn fà á sẹ́yìn, ó ní kó má bá ojú jà, pé kó lọ wádìí bóyá ẹ̀tẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe, ìka ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ìdájí, ó wú, kò lè ka owó dáadáa títí oòrùn á fi gòkè. Ibà ń wá, ibà ń lọ. Wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó tọ́jú rẹ̀, ó tún un tọ́jú. Irun iwájú orí rẹ̀ ń já, wọ́n ní irun dídì ló fà á. Àárẹ̀ mú un débi pé kò lè gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ mọ́, ìyá ọkọ sì ní ọ̀lẹ ni. Gbogbo àwọn tó dá sí i ló ní ohun tí wọ́n rí. Kò sí ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Tí a bá wo ojú nìkan, làpálàpá ni. Tí a bá wo ibà nìkan, ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Tí a bá wo ìka nìkan, làkúrègbé ni. Ṣùgbọ́n tí ojú tó sú, oríkèé tó ń dun, irun tó ń já, ibà tí kò gbọ́ oògùn àti àárẹ̀ bá pé sára obìnrin kan ṣoṣo, àìsàn kan wà tó yẹ ká béèrè kí a tó béèrè ohun mìíràn. Lupus lorúkọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ẹ fi wọ́n wé àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ gééètì àdúgbò Omole nílùú Èkó: iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá àlejò tí wọn ò mọ̀ dúró, kí wọ́n sì jẹ́ kí onílé kọjá. Nínú lupus, àwọn ọlọ́dẹ yìí ò dá onílé mọ̀ mọ́. Onílé ni wọ́n ń lù. Wọ́n á lù ú ní awọ ara, wọ́n á lù ú ní oríkèé, wọ́n á lù ú nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè wọ inú kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti ọpọlọ. Kì í ràn. Ẹ lè jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní in, ẹ lè sùn sórí ibùsùn kan náà. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe àpẹẹrẹ pé ẹnì kan ṣe ìṣekúṣe. Ó lè rìn nínú ẹbí díẹ̀, nítorí ohun tí a jogún wà lára ohun tó ń fà á, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ ẹlòmíràn tó ní in nílé wọn. Nínú ẹni 10 tó bá ní in, nǹkan bí 9 ló jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí tí obìnrin ń bímọ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ọkùnrin náà ń ní in, ọmọdé náà ń ní in.

Ọ̀pọ̀ yín mọ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Seal. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ní Olúṣẹ́gun àti Adéọlá nínú. London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, ọmọ Nàìjíríà sì ni ìyá rẹ̀. Àpá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé ilà ni wọ́n kọ fún un. Kì í ṣe ilà rárá. Irú lupus kan tó máa ń dúró sí awọ ara ni, ìgbà èwe ló mú un, ó sì fi àpá sílẹ̀. Irú èyí máa ń sú ní roboto: etí rẹ̀ á dúdú gan-an, àárín rẹ̀ á ṣí, á sì máa pọ́n tàbí kó funfun, awọ ibẹ̀ á le, á máa bó. Ó fẹ́ràn ojú, agbárí àti inú kòtò etí. Tó bá ti jẹ agbárí tán, irun kì í hù níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ọdún méjì pe irú rẹ̀ ní làpálàpá orí. Làpálàpá tí wọ́n bá wò dáadáa, irun á padà. Èyí tí lupus bá jẹ, ohun tó bá ti lọ ti lọ, àfi ká tètè dá ìyókù dúró.

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì sọ ọ́ síta. Àwòrán àìsàn awọ ara tó kún inú ìwé ìṣègùn láti ọjọ́ pípẹ́, ara òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni pé lupus máa ń mú ojú pupa bíi labalábá tó na ìyẹ́. Lójú adúláwọ̀, kì í sábà pupa. Ó lè dúdú sí i, ó lè ṣe bí àlùkò, ó lè ṣe bí eérú. Ẹni tó bá ń wá pupa lójú Ìyá Sìmí kò ní rí i láéláé, á sì dá a padà sílé. Nítorí náà, ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹ wo ibi tó gbà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti orí imú, tó sì sábà máa ń fo ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ wo ohun tí oòrùn ń ṣe fún un. Ẹ la ẹnu, kí ẹ wo òkè àjà ẹnu bóyá egbò wà níbẹ̀ tí kì í dunni. Ẹ sì béèrè bóyá ìka máa ń ṣú tàbí funfun nígbà òtútù tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àìsàn yìí kò sí lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1968, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH nílùú Ìbàdàn, Brian Greenwood, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet pé àwọn àìsàn tí ara fi ń bá ara jà ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn tó wá síbẹ̀. Ó rò ó pé bóyá ibà tó ń ṣe wá lemọ́lemọ́ láti kékeré ló ń tu àwọn ọmọ ogun ara lójú. Ọ̀rọ̀ náà mú ọgbọ́n dání; nígbà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ibà sára irú eku kan tí àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe, àìsàn eku náà dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí orírun wọn jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwa, ní lupus ju àwọn obìnrin funfun lọ, nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ní tèmi, mo gbà pé ibà lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ mo gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ohun téèyàn ò bá wá, kò ní rí. Nígbà tí dókítà oríkèé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Adélọwọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nílùú Èkó níbí, ó rí i. Ìwádìí tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 sọ nípa aláìsàn oríkèé 1,250 tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn àdáni kan nílùú yìí láàárín ọdún mẹ́fà. Nínú wọn, 66 ló ní lupus, obìnrin ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo nìyẹn o.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sú ni lupus ṣá. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe òun. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, aró, ọṣẹ ilé-iṣẹ́ tàbí àwọn kẹ́míkà, ara wọn lè kọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, á yún gan-an, á sì rọlẹ̀ nígbà ìsinmi. Oògùn tí a ń pa irun láró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé nígbàkígbà tó bá lo Septrin tàbí oògùn kan báyìí, ojú kan náà lára rẹ̀ ló máa ń dúdú roboto. Oògùn yẹn ni kó yẹra fún títí ayé, kó sì máa sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tó bá bá pàdé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lo oògùn èyíkéyìí, tí ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò, tí awọ ń bó, tí ẹnu àti ojú dá egbò, tí ibà gbóná, ẹ má dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ mú páálí rẹ̀ dání, ẹ sáré lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Nílùú Èkó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè. Irú ìyẹn ń pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìpara ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí. Ìpara tí wọ́n po oògùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ sínú rẹ̀, tó kún orí igbá káàkiri ọjà wa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ní sítẹ́rọ́ìdì. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń mú ohun tó bá sú rọlẹ̀ kíákíá, ohunkóhun tí ì báà jẹ́. Ìdí tí a fi ń gbà pé ó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ làpálàpá, á bò ó mọ́lẹ̀, á sì tún tàn kálẹ̀. Tó bá jẹ́ lupus, á nu àmì nù lójú, iná tó ń jó nínú kò sì ní dúró. Téèyàn bá ń lò ó fún oṣù mélòó kan lójú, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á yọ, irọ̀rẹ́ á kún un. Àwọn dókítà awọ ara náà ń lo ìpara sítẹ́rọ́ìdì o, ṣùgbọ́n wọ́n mọ agbára èyí tó yẹ ojú, wọ́n sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó dúró.

Kí ló wá yẹ kí Ìyá Sìmí ṣe? Kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn, bóyá ti Ifákò-Ìjàyè tàbí ti Òrílé-Agége, kó sì gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara tàbí dókítà oríkèé ní LASUTH n’Íkẹjà. Ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dá ibẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ìwòsàn kékeré. Ọdún 2001 ló di ti yunifásítì. Kó tó lọ, kó fi fóònù ya ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sú jù, nítorí ó lè ti rọlẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò rí dókítà. Kó kó gbogbo ìpara àti àgbo tó ti lò dání. Kó má fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí ìtìjú. Kò sí dókítà rere tí yóò bú u.

Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní ANA. Tí kò bá fi ohunkóhun hàn, ó ṣòro kó jẹ́ lupus tó ti wọ inú ara. Tó bá sì fi hàn, ìyẹn nìkan kò tó láti dá a lẹ́jọ́, torí pé ara ẹni tó le koko náà lè fi í hàn. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń dá ṣe ìdánwò, tí wọ́n wá ń sunkún nítorí bébà. Dókítà á fi í mọ́ ohun tó rí lára, á wo iye ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gé awọ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ni ìtọ̀. Kíndìnrín kì í dunni nígbà tí lupus bá ń jẹ ẹ́. Àmì rẹ̀ lè jẹ́ ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ, ẹsẹ̀ tàbí ìpénpéjú tó wú láàárọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọdébìnrin. Ó sì lè máà fi àmì kankan hàn àyàfi nínú ìdánwò ìtọ̀. Gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà nì, Selena Gomez, nítorí lupus ni wọ́n ṣe pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀ lọ́dún 2017. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un ní ọ̀kan. Mélòó nínú wa ló lè rí irú rẹ̀, tàbí owó rẹ̀?

Ìtọ́jú wà. Kò tíì sí oògùn tó ń fà á tu pátápátá, ṣùgbọ́n a lè dè é mọ́lẹ̀ kéèyàn máa ṣiṣẹ́, kó lọ́kọ, kó bímọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n bá ti sọ fún pé lupus ni wọ́n ní kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ. Lónìí, níbi tí ìtọ́jú ti péye, ó lé ní 90 nínú 100 tó ń kọjá ọdún márùn-ún. Oògùn tó jẹ́ òpó rẹ̀ ni hydroxychloroquine, ọmọ ìyá chloroquine tí a mọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1955 kan náà tí wọ́n dá ilé ìwòsàn Ìkẹjà sílẹ̀. Kì í yára ṣiṣẹ́. Ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta kéèyàn tó rí ìyàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀. Àwa Yorùbá mọ chloroquine mọ ara yíyún. Èyí náà lè yún àwọn kan. Ẹ má torí rẹ̀ dákẹ́ lóògùn, ẹ sọ fún dókítà. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ fún kílò kan lóòjọ́. Tó bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ gan-an, ó lè ba ojú jẹ́, nítorí náà dókítà ojú gbọ́dọ̀ yẹ ojú wò láàárín ọdún kìíní, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó sì di ọdọọdún. Tí oyún bá dé, kì í ṣe oògùn tí a ń sá fún. Dídá a dúró ló léwu jù.

Ẹ ò ní gbàgbé oṣù March ọdún 2020. Wọ́n sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé oògùn yìí àti chloroquine lè wo Kòrónà, àwọn èèyàn wa ya bo ilé oògùn, àwọn kan lo chloroquine jù l’Ékòó níbí, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tí kò wo Kòrónà ni wọ́n rà tán, tí ẹni tó nílò rẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì rí rà. Ìyẹn kò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Tí àìsàn náà bá le, wọ́n á fi prednisolone tàbí àwọn oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba kún un. Prednisolone kì í ṣe ohun téèyàn ń dá dúró lójijì nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ara lè dákú mọ́ni lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á máa dín in kù.

Oòrùn wá ńkọ́, fún ẹni tí abẹ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun? Mi ò ní sọ fún ọlọ́jà pé kó jókòó sílé. Kó wọ fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò, kó wọ aṣọ tó bo ọwọ́, kó kúrò níta láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin tó bá lè rí ẹni bá a dúró. Kó máa pa ìpara tó ń dènà oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, kó sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì. Dúdú wa kò tó láti dènà rẹ̀ fún ẹni tó ní lupus. Díráfà, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kì í dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin ajórinmọ́rin náà, iná tó ń bù yẹ̀rì lójú iṣẹ́ yín ní irú ìtànṣán kan náà nínú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọ̀gá nílé-iṣẹ́: àárẹ̀ lupus kì í hàn lójú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ẹ má pe ẹni tó ń ṣe ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa àti ẹ̀yin alùfáà wa, ẹ máa bá wọn gbàdúrà, kí ẹ sì máa rán wọn létí ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tó ni kẹ́míìsì ládùúgbò, ẹ̀yin ni ojú kọ́kọ́ ń wá bá. Tó bá jẹ́ ìgbà kejì tí obìnrin kan ń wá nítorí ojú kan náà, ẹ má ta ìpara fún un mọ́. Ẹ bi í léèrè oríkèé rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ohun tó sú ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lójú yín, tí oòrùn ń ru ú sókè, tí ìka sì ń dùn yín láàárọ̀: ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò.